Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìtúpalẹ̀ Ewì Ọ̀wọ̀: Ìwọ̀n Ìlà, Ìró Ìparí Ìlà àti Àwítúnwí

Ní ọdọọdún, nígbà tí ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama bá ń sún mọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa wá sọ́dọ̀ mi ní Ilé-Ifẹ̀ níbí láti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìtúpalẹ̀ ewì. Inú kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ pàdé iṣẹ́ yìí, nítorí náà ráìmù, ìyẹn ìró ìparí ìlà tó bára mu, ni ojú wọn máa ń wá kiri nínú ewì Yorùbá. Bí wọn kò bá sì rí i, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé ìdáhùn wọn pé akéwì náà kò ka ìró sí. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí wọra, nítorí pé ìró gan-an ni akéwì Yorùbá ń kà sí jù lọ, àmọ́ ibi tí ó ń tò ó sí yàtọ̀ sí ibi tí akéwì Gẹ̀ẹ́sì ń tò ó sí. Ewì ọ̀wọ̀ ni n ó fi ṣe àlàyé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ: ohùn nìkan ló pààlà sáàárín ọ̀wọ̀, ọwọ́, àti ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀.

N kò fẹ́ gé iṣẹ́ akéwì mìíràn sí wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀, nítorí náà mo kọ ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ̀nyí fún iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe:

Ọwọ́ ọmọdé, ọwọ́ kékeré;
Ọwọ́ àgbà, ọwọ́ gbọọrọ;
Ọ̀wọ̀ ló so wọ́n pọ̀.

Ẹni tó dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ò gbé e mì;
Ẹni tó kúnlẹ̀, ilẹ̀ ò gbé e mì;
Ẹni tó ṣorí kunkun ni ilẹ̀ ń dúró dè.

Mo kí yín láàárọ̀, ẹ dá mi lóhùn;
Mo kí yín lọ́sàn-án, ẹ dá mi lóhùn;
Mo kí yín lálẹ́, ẹ fún mi lóhùn.

Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọwọ̀
Tí àgbà fi ń gbá ọmọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn;
Ọ̀wọ̀ ni ọwọ́
Tí àgbà nà sí mi, tí mo nà sí àgbà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n,
Ọ̀wọ̀ ló so wọ́n pọ̀.

Ẹ da ewì náà kọ sínú ìwé tiyín, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 15, nítorí pé nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni n ó máa fi tọ́ka. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà kan àti èkejì, kí ẹ lè rí ibi kọ àmì sí.

Etí ṣáájú ojú

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun nípa ewì náà, ẹ kà á sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìtumọ̀ ni ẹ ń wá nínú kíkà àkọ́kọ́. Nínú kíkà kejì, ẹ pa ẹnu dé kí ẹ sì máa kùn ohùn rẹ̀ nìkan, ní dò, re, mí, láìpe ọ̀rọ̀ kankan; ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Bí ẹ bá mọ onílù kan ládùúgbò yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi gángan tàbí dùndún tẹ̀lé yín, nítorí pé ìlù kò mọ fáwẹ̀lì, kò mọ kọ́ńsónáǹtì, ohùn àti ìwọ̀n ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbé jáde, ohun méjèèjì yìí gan-an ni ẹ sì ń wá. Nínú kíkà kẹta, ẹ mú pẹ́ńsù lọ́wọ́, kí ẹ máa fa ilà kékeré sí ibi tí èémí bá ti sinmi. Ní ìlà 4, àpẹẹrẹ, èémí sinmi lẹ́yìn «dọ̀bálẹ̀», ó sì tún sinmi lẹ́yìn «mì».

Ó ṣe pàtàkì kí ewì tí ẹ ń lò ní àmì ohùn tó péye. Bí ìwé tí ẹ rí i nínú rẹ̀ bá ti pẹ́, kí ó tó di pé a tẹ́wọ́ gba àkọtọ́ òde òní ní 1974, ẹ ó rí i pé fáwẹ̀lì kan ṣoṣo tí a fi àmì kọdọrọ lé lórí ni wọ́n máa ń fi dúró fún fáwẹ̀lì tó gùn. Ẹni tó bá rí «lãrọ» nínú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ka sílébù (ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tó ń gba ohùn kan) méjì, nígbà tí ó jẹ́ pé sílébù mẹ́rin ló wà nínú «láàárọ̀»: lá-à-á-rọ̀. Nínú ewì tó dá lórí ọ̀wọ̀, tí ìkíni kò lè ṣàì wà nínú rẹ̀, àṣìṣe yìí lè ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ kọ ní àkọtọ́ òde òní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n ìlà

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń tẹ àwọn sílébù kan mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, orí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí ni wọ́n sì gbé ìwọ̀n ewì wọn kà. Ọ̀kan lára àwọn ìlà tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ewì wọn ní sílébù mẹ́wàá, tí a ń tẹ márùn-ún mọ́lẹ̀ nínú wọn. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ni sílébù tiwa fi ń yàtọ̀ síra, kò sì sí òfin kan tó sọ pé ìlà ewì gbọ́dọ̀ ní iye sílébù kan pàtó. Nítorí náà, ẹ má ṣe wá òfin níbi tí kò sí. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ ka sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sí ìparí ìlà, kí ẹ sì wo bí iye náà ṣe ń pọ̀ sí i tàbí bí ó ṣe ń dín kù.

Etí ni kí ẹ fi kà á, kì í ṣe ojú. Ní ìlà 6, a kọ «ni ilẹ̀», ṣùgbọ́n «nilẹ̀» ni akéwì yóò pè, nítorí pé ìpàrójẹ ti mú fáwẹ̀lì kan lọ. Sílébù mẹ́tàlá ló kù nínú ìlà náà. Ní ìlà 12, «ni ọwọ́» yóò di «lọwọ́» lẹ́nu akéwì tó ń yára, ìlà náà a sì kúrú sí mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé «ń» tó dá dúró ní ìlà 6 àti ìlà 11: kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù ni, ó ní ohùn tirẹ̀, ó sì jẹ́ odidi sílébù kan.

Ẹ wá wo ìlà 7 sí 9. Méjìlá, mọ́kànlá, mẹ́wàá. Ọjọ́ ń lọ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, láti ọ̀sán dé alẹ́, ìlà náà sì ń kúrú ní sílébù kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ ṣe ń kúrú. Ẹ tún wo ìlà 13, níbi tí èémí ti sinmi láàárín: «Tí àgbà nà sí mi» jẹ́ sílébù mẹ́fà, «tí mo nà sí àgbà» náà jẹ́ mẹ́fà. Àgbà àti ọmọdé gba ìwọ̀n kan náà nínú ìlà tó sọ pé ọ̀wọ̀ jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ohun tí à ń pè ní ìtúpalẹ̀ nìyẹn: kí ẹ rí iye, kí ẹ sì fi iye náà ṣe ẹ̀rí fún ìtumọ̀. Ẹni tó kàn kọ ọ́ pé «ìlà 13 ní sílébù méjìlá» ti ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe ìtúpalẹ̀.

Ó tún yẹ kí ẹ wo ohùn tí ìlà kọ̀ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tí fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í gba ohùn òkè sórí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, nítorí náà àárín tàbí ìsàlẹ̀ ni ìlà tó bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú gbọ́dọ̀ ti gbéra. Nínú ewì yìí, gbogbo ìlà tí «ọ̀wọ̀» bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 3, 10, 12 àti 15, ló gbéra láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ méjì léra wọn, bí ẹni tó kọ́kọ́ tẹrí ba kí ó tó lanu sọ̀rọ̀.

Ìró ìparí ìlà

Gbogbo ojúlówó ọ̀rọ̀ Yorùbá ni fáwẹ̀lì tàbí ìró àránmú máa ń parí, bẹ́ẹ̀ fáwẹ̀lì àìránmúpè wa kò ju méje lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí a bá kó ìlà mẹ́wàá jọ láìronú rárá, díẹ̀ nínú wọn yóò ṣe déédéé parí pẹ̀lú fáwẹ̀lì kan náà. Ohun tó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe ka ìbáramu fáwẹ̀lì lásán sí ráìmù. Ẹ dúró títí ohùn yóò fi bá a mu pẹ̀lú, bí kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú rẹ̀ bá sì tún bá a mu, a jẹ́ pé ó ti jinlẹ̀.

Ẹ lo òdiwọ̀n yìí fún ewì wa. «Lóhùn» parí ìlà 7, 8 àti 9. Àwítúnwí ni èyí, kì í ṣe ráìmù, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n «ilẹ̀kùn» ní ìlà 11 dá «lóhùn» lóhùn: fáwẹ̀lì àránmúpè kan náà ni, ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Ìbáramu gidi nìyí, ó sì ní ohun tó ń ṣe, nítorí pé ó so ọmọ tí a fún lóhùn pọ̀ mọ́ ọmọ tí a gbá sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí a má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. «Gbọọrọ» àti «pọ̀» ní ìlà 2 àti 3 ní fáwẹ̀lì kan náà, ṣùgbọ́n ohùn wọn yàtọ̀. «Gbọ́n» àti «pọ̀» ní ìlà 14 àti 15 ń tan ojú jẹ, nítorí pé àránmúpè ni ti àkọ́kọ́, àìránmúpè sì ni ti èkejì. «Wọ́n» tó wà láàárín ìlà 15 ni ìró «gbọ́n» bá mu ní tòótọ́. Bí ẹ bá sì rí «án» níbì kan àti «ọ́n» níbòmíràn, bíi nínú «lọ́sàn-án» àti «gbọ́n», ẹ mọ̀ pé ìró kan náà ni nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Àkọtọ́ ló ní kí a máa kọ «ọn» lẹ́yìn àwọn kọ́ńsónáǹtì tí ètè ń pè, bíi b, f, gb, p àti w. Bí akéwì bá ti ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà tàbí Ifẹ̀ kọ ewì rẹ̀, tí ó ń pe ilé ní «ulé», ìró ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́, ẹ má ṣe tún un ṣe fún un.

Ìyàtọ̀ ohùn ni ohun tí ẹ̀yà ìtúpalẹ̀ yìí dá lé lórí jù, níbẹ̀ ni mo sì ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pẹ́ sí. Ẹ kọ ohùn sílébù tó gbẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní òòró. Ìlà 1 parí sí òkè (kékeré), ìlà 2 parí sí àárín (gbọọrọ), ìlà 3 parí sí ìsàlẹ̀ (pọ̀). Mí, re, dò: ohùn náà tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń forí balẹ̀. Láti ìlà 3 lọ títí dé ìlà 11, gbogbo ìlà pátá ló parí sí ìsàlẹ̀: pọ̀, mì, mì, dè, lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ̀, ilẹ̀kùn. Etí ti gbà pé ilẹ̀ ni ewì yìí yóò jókòó sí. Ní ìlà 12 ni «ọwọ́» wá gbé ohùn sókè lójijì. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ní «ọwọ̀» ní ìparí ìlà 10, tí ó jẹ́ ohun ìgbálẹ̀, ti di ọwọ́ tí a nà síra ẹni, ohùn nìkan ni a sì fi yí i padà. Nínú ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ta péré ló parí sí ohùn òkè, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni kékeré, ọwọ́ àti gbọ́n.

Àwítúnwí

Ẹ ya oríṣi àwítúnwí sọ́tọ̀: ti ìró, ti ẹyọ ọ̀rọ̀, ti odidi gbólóhùn, àti ti ìhun, níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ṣùgbọ́n tí ètò gbólóhùn kò yí. Ẹ fi àwọ̀ pẹ́ńsù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fàlà sábẹ́ wọn. Ti ìró kò gbọdọ̀ gba àkókò yín púpọ̀; lóòótọ́ ni a ń gbọ́ gb nínú àgbà, gbọọrọ, gbé, gbá àti gbọ́n, ṣùgbọ́n gb pọ̀ nínú èdè wa, kí a má sì fi ìtumọ̀ lé ohun tí akéwì kò lè yẹra fún. Èyí tí mo lè gbèjà rẹ̀ ni «àgbà fi ń gbá» ní ìlà 11, níbi tí ìṣe àgbà ti jáde láti inú orúkọ rẹ̀.

Ẹ ṣírò ẹyọ ọ̀rọ̀. Ọwọ́ wáyé lẹ́ẹ̀marùn-ún, àgbà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọ̀wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣirò yìí yóò fi ohun tó jẹ akéwì lógún hàn yín, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tó sọ nípa rẹ̀. Láti mọ ìyẹn, ibi tí àwítúnwí ti yẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ. Akéwì ń tún ọ̀rọ̀ sọ kí etí lè mọ̀ ọ́n lára; nígbà tí etí bá sì ti fara balẹ̀ tán, ó fa ọ̀rọ̀ kan yọ, ó fi òmíràn sí ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun yẹn ni ó fẹ́ kí a gbọ́.

Ní ìlà 7 àti 8, àgbà dá ọmọ lóhùn. Ìyẹn ni pé ó jẹ́ ẹ. Ní ìlà 9, a ti ń retí «ẹ dá mi lóhùn» lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n «ẹ fún mi lóhùn» ni a gbọ́. Sílébù kan ló yí padà, dá di fún, ohùn òkè kan náà sì ni méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí etí aláìfiyèsí lè fò ó. Síbẹ̀ ẹni tí a dá lóhùn kàn gba èsì ni, ẹni tí a fún lóhùn ti di ẹni tó lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé «yín» àti «ẹ» ni ọmọ náà ń lò fún àgbà láti ìlà 7 títí dé ìlà 9 tí ìyípadà ti wáyé; ohùn tí a fún un kò mú kí ó yí arọ́pò orúkọ ọ̀wọ̀ padà.

Ìlà 4 sí 6 ṣòro díẹ̀. Ìhun kan náà ni ìlà 4 àti 5, «Ẹni tó … , ilẹ̀ ò gbé e mì». Ìró «lẹ̀» tó parí dọ̀bálẹ̀ àti kúnlẹ̀ sì tún padà nínú ilẹ̀, bí ẹni pé ara àti ilẹ̀ fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ní ìlà 6, ìhun náà fọ́: «ò» lọ, «ni» wọlé, ilẹ̀ tí kò gbé ẹnikẹ́ni mì wá ń dúró de ẹnì kan. Ẹ tún wo ṣorí kunkun dáadáa. Kò sí «lẹ̀» nínú rẹ̀. Olóríkunkun kò fúnra rẹ̀ dé ilẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń dúró dè é. Òǹkàwé kan lè sọ pé ilẹ̀ tí a ń dọ̀bálẹ̀ sí ni, ẹlòmíràn lè sọ pé ibojì ni. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fi ìyípadà ìhun náà gbe ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ìtúpalẹ̀ náà jáde, ẹ má ṣe tò ó bí ẹni ń ka ọjà, pé ráìmù rèé, ìwọ̀n rèé, àwítúnwí rèé. Ẹ mú ohun kan tí ewì náà sọ nípa ọ̀wọ̀, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ wá máa mú ẹ̀rí wá láti inú ìró, láti inú ìwọ̀n àti láti inú àwítúnwí, bí ó bá ti yẹ. Ẹni tó bá sọ pé ewì yìí ka ọ̀wọ̀ sí ohun tí àgbà àti ọmọdé jọ ń fún ara wọn yóò mú sílébù mẹ́fà àti mẹ́fà ti ìlà 13, ìyípadà dá sí fún, àti ìgbéra ohùn láti ọwọ̀ sí ọwọ́, ó sì ti tó. Ohun tí kò bá ti gbólóhùn yẹn lẹ́yìn, bó ti wù kí ó dára tó, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwítúnwí kan ṣì kù, èyí tí kò sí lórí ìwé rárá. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ ni «Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀». Ìlà 14 gba ìdajì òwe náà, ó sì dákẹ́. Ìlà 3 ló padà wá di ìlà 15, ní ibi tí ìdajì kejì òwe yẹ kí ó wà. Ẹni tí kò bá mọ òwe náà yóò rí ègbè lásán níbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò gbọ́ ìlà méjì pa pọ̀, èyí tí a pè àti èyí tí a kò pè. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ìlà kan bá dún létí yín bí ohun tí ẹ ti gbọ́ rí, ẹ wá òwe tàbí oríkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì kọ apá tí akéwì yọ kúrò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ ewì yìí tán, mo kà á fún màmá àgbà kan tí kò mọ̀wé kà, ní agboolé kan nítòsí Ẹnuwá. Bí mo ṣe pe «àgbà gbọ́n» ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, wọ́n ní, «la fi dá Ifẹ̀.» Mo dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán, mo wá ka ìlà 15. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, «Tún un kà.»